Ìdajì Ọ̀rọ̀ Kọmíṣọ́nnà

Òórùn epo maṣíìnì àti ti aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi máa ń rùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Títí di òní, bí mo bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan kọjá tí òórùn yẹn sì kàn mí nímú, Ọ̀fà ni ọkàn mi máa ń sá lọ, sí yàrá kékeré kan tó kọjú sí títì, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ilé ẹ̀kọ́ tó gbà mí síṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń bá bàbá mi ṣẹ́ etí aṣọ, tí mo ń rán bọ́tìnnì, tí mo sì ń rò ó nínú ara mi pé kò sí ẹni tó gbọ́n tó mi ní gbogbo àdúgbò wa. Ẹ má dá mi lẹ́bi. Òyìnbó mi dán mọ́rán, kò sì sí ẹni tó ń dán an wò.

Bàbá mi kì í ṣe télọ̀ lásán. Iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, àwọn oníbàárà sì máa ń ti Ìlọrin wá bá a. Bí wọ́n bá ti kírun Alásárì tán ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ṣọ́ọ̀bù náà á di ilé ìgbìmọ̀. Àwọn àgbà á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Alhaji tó ń ta sìmẹ́ńtì ní òdìkejì títì á gbé àga tirẹ̀ wá, wọ́n á tan rédíò, ọ̀rọ̀ òṣèlú á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ alátakò ni bàbá mi ń ṣe. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Baba Rélùwéè, ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè lòun ń ṣe.

Láti ilé kéwú ni àwọn méjèèjì ti jọ ń bọ̀. Baba Rélùwéè kúrú, ó sì máa ń rọra sọ̀rọ̀. Bàbá mi ga, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé òdìkejì títì láìjẹ́ pé ó pariwo. Ọ̀kan ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ rélùwéè, èkejì ní òun kò ní fẹ̀yìn tì títí ojú òun kò fi ní rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Bí ìjọba bá da ọ̀dà sójú títì, Baba Rélùwéè á ní kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ẹgbẹ́ òun. Bí òjò bá rọ̀ tí ọ̀dà náà ṣí, bàbá mi á rán èèyàn lọ pè é kó wá wo iṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n á pariwo títí ìyá mi yóò fi yọjú láti inú ilé. Bí Màgáríbì bá sì tó, wọ́n á jọ fi búta kan náà ṣe àlùwàlá, wọ́n á jọ lọ kírun. N kò rántí ọjọ́ kan tí ìjà wọn sùn mọ́jú.

Iṣẹ́ tèmi nínú ìgbìmọ̀ yìí ni títúmọ̀. Ìròyìn Yorùbá kò nílò mi, àmọ́ bí nǹkan bá ti di ti Òyìnbó, gbogbo ojú á yí sọ́dọ̀ mi. Baba Rélùwéè ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè. "Tíṣà, kí ló wí?" Ó ti ń pè mí ní Tíṣà tipẹ́ kí ìjọba tó rántí pé mo wà láyé. Bàbá mi á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì kí ariwo rẹ̀ má bàa bo ohùn mi. Èmi náà á gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀, màá wúkọ́ díẹ̀ bíi lọ́yà, màá sì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó wà nínú rédíò bá sọ gbólóhùn kan, èmi lè sọ mẹ́ta, nítorí mo máa ń fi iyọ̀ sí i. Bàbá mi kì í yìn mí lójú mi, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i bó ṣe ń wo ojú àwọn tó jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè dá a lójú pé gbogbo wọn ń gbọ́. Mo fẹ́ràn kí n máa rí i bẹ́ẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ kànga ẹ̀rọ kan ló dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀. Kọmíṣọ́nnà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi ti wá sí àdúgbò kan létí ìlú wa láti ṣí kànga náà. Wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò, àwọn obìnrin jó. Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń ṣí ẹnu ẹ̀rọ náà, ẹ̀kán omi kan kò jáde. Ẹgbẹ́ alátakò ní ìjọba wá ṣí kànga gbígbẹ fún aráàlú. Ẹgbẹ́ ìjọba ní irọ́ ni, àwọn ọ̀tá ló ba ẹ̀rọ jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gbóná débi pé àwọn aṣòfin ránṣẹ́ pe kọmíṣọ́nnà kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀ níwájú wọn ní Ìlọrin, ilé iṣẹ́ rédíò kan sì kéde pé àwọn yóò gbé e sáfẹ́fẹ́ bó bá ṣe ń lọ gan-an. Iléyá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án nígbà náà. Ní ọdún mìíràn, àgbò ta ló sanra jù ni wọn ì bá máa sọ. Lọ́dún yẹn, kọmíṣọ́nnà ni gbogbo wọn ń dúró dè.

Lọ́jọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù kún débi pé àwọn kan dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́kadà méjì tó ń kọjá pa ọ̀kadà wọn kí wọ́n lè gbọ́. Mo fi fóònù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, mo ń gba ohùn náà sílẹ̀, nítorí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ bàbá mi. Èmi náà ti di ọmọ ẹgbẹ́, mo tilẹ̀ gbóná ju bàbá mi lọ. Mo gbà nígbà náà pé ẹnikẹ́ni tí kò bá ṣe ẹgbẹ́ wa, ojú rẹ̀ ni kò tíì là. Àwọn ọnọ́rébù bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, mo ń tú u. Kọmíṣọ́nnà ń dáhùn, mo ń tú u. Ọnọ́rébù ti ẹgbẹ́ ìjọba á bi í ní ìbéèrè tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ti ẹgbẹ́ wa á ní kó yé ṣe àgálámàṣà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìlọrin náà la ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù: apá kan ń pàtẹ́wọ́, apá kan ń pòṣé.

Lẹ́yìn náà ni ọnọ́rébù kan nínú ẹgbẹ́ wa bi í ní ìbéèrè tí gbogbo wa ń retí. Lọ́jọ́ tí ẹ gé rìbọ́ọ̀nù yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé omi kò ní yọ nínú kànga náà? Kọmíṣọ́nnà wá ní bẹ́ẹ̀ ni, òun mọ̀.

Mo ké e jáde. "Ó ní bẹ́ẹ̀ ni o! Ó ní òun mọ̀!"

Ariwo sọ. Bàbá mi fò dìde nídìí maṣíìnì, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ẹ̀rín tó ṣeé ṣe kí wọ́n gbọ́ dé Ẹ̀rìn-Ilé, ìlú tó múlé tì wá. Láti ọjọ́ tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí mi, n kò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kọmíṣọ́nnà kò tíì dákẹ́. Nínú ariwo yẹn ni mo ti gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ ketekete. Ó ní lójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà lòun ti sọ pé ẹ̀rọ tó ń fa omi kò dára, pé omi kò ní yọ títí wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní òun kọ̀wé sí kọ̀ngílá lọ́jọ́ kan náà. Ó ní àṣìṣe òun ni pé òun gbà kí wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù kí iṣẹ́ tó parí, kí aráàlú sì dárí jì òun. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo wo ojú bàbá mi, mo sì gbé e mì.

Baba Rélùwéè kò bá wọn pariwo. Ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀ díẹ̀, ó wá yíjú sí mi.

"Tíṣà, kí ló wí tẹ̀ lé e?"

"Ó tán, Baba."

"Ó tán síbẹ̀?"

"Ibẹ̀ náà ló parí sí."

Ó mi orí. Ó ní kò dà bíi pé ibẹ̀ ló parí sí, nítorí ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ pẹ́. Bàbá mi yí padà sí i. Kò bínú tẹ́lẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó rò pé wọ́n fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọmọ òun sẹ́yìn lójú èèyàn.

"Ṣé ìwọ lo wá gbọ́ Òyìnbó ju ọmọ mi lọ ni? Ìwọ tó o kàn ń na àsíá sí ọkọ̀ ojú irin?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Baba Rélùwéè ní, "Télọ̀, mo ní ká ní sùúrù ni. Jẹ́ ká gbọ́ ọ parí ká tó dá a lẹ́jọ́."

"Sùúrù kí ni? Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́! Òpùrọ́ ni, o sì mọ̀ pé òpùrọ́ ni, o wá jókòó síbí o ń bò ó. Òpùrọ́ ni ìwọ náà!"

Àwọn méjèèjì ti bú ẹgbẹ́ ara wọn, wọ́n ti bú gómìnà ara wọn, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ọ̀kan bú èkejì rí. Baba Rélùwéè wo bàbá mi. Lẹ́yìn náà ó wo èmi, kò sì tètè gbé ojú kúrò. Ó mú fìlà rẹ̀ lórí itan, ó dé e, ó ní, "Ó dàárọ̀ o." Oòrùn ṣì wà lókè. Ó jáde, ó dá kẹ̀kẹ́ kan dúró, ó wọ̀ ọ́, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì kò wá. Lọ́jọ́ kẹta kò wá. Bàbá mi ní kó má wá, ta ló ń dúró dè é, ṣùgbọ́n bí kẹ̀kẹ́ bá ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, á gbé orí sókè. Ó tú ọnà ọrùn agbádá kan lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí n kò rí i kó ṣe rí. Òṣèlú pàápàá kò dùn mọ́, nítorí gbogbo àwọn tó kù lórí bẹ́ǹṣì ló ń ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá a jiyàn. Alhaji onísìmẹ́ńtì gbìyànjú láti ṣe bíi pé òun wà lẹ́yìn ìjọba, kí ọ̀rọ̀ lè máa lọ, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá.

Ohun tó ń jẹ ìyá mi lọ́kàn ni Iléyá. Àgbò ti wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń ké. Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣírí kan tí àwa mẹ́rin péré mọ̀ láyé ìgbà náà: bàbá mi kò lè rí ẹ̀jẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá gún un lọ́wọ́, òòyì á máa kọ́ ọ. Ọkùnrin gíga yìí, tó ń fi ohùn dá ọlọ́kadà dúró, kò pa àgbò rí. Ọdọọdún, bí wọ́n bá ti ti yídì dé, Baba Rélùwéè á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Bàbá mi á gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mú ọ̀bẹ, á yíjú sí ògiri, á dárúkọ Ọlọ́run, kò sì ní yíjú padà títí wọn yóò fi sọ fún un pé ó ti tán. Bí ilẹ̀kùn bá wá ṣí, bàbá mi ni yóò jáde pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, tí yóò máa pàṣẹ fún àwọn tó fẹ́ bó awọ. Baba Rélùwéè kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ rí, àní lọ́jọ́ tí bàbá mi bá bú ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá àlà.

"Ta ni yóò wá pa àgbò yìí báyìí?" ni ìyá mi bi mí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bíi pé àgbò náà lè gbọ́. "Ṣé ká pe ẹlòmíì wọ ẹ̀yìnkùlé wa, kó lọ máa sọ ọ́ káàkiri ni?"

Mo bá a bu omi fún àgbò, mo wọlé lọ.

Èyí tó burú jù lójú mi ni ti orúkọ. Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ tàn káàkiri ní Ọ̀fà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ń ti ọjà bọ̀, mo rí Baba Rélùwéè níwájú, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ó ń bọ̀ láti ibi ìrun. Àwọn ọlọ́kadà méjì ọjọ́sí rí i. "Baba Òpùrọ́!" ni wọ́n ń ké. "Baba Òpùrọ́, kànga yín ti yọ omi o!" Ó gbé ọwọ́ sí wọn, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Mo sá wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ aláta kan kó má bàa rí mi. Èmi tí mo gbọ́n jù ní àdúgbò nìyẹn, mo lọ́ mọ́ ẹ̀yìn agbọ̀n tòmátì. Nígbà tí mo délé, mo ti yàrá mi, mo tẹ́tí sí ohùn tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá mo ṣì í gbọ́. N kò ṣì í gbọ́. N kò tíì fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, n kò sì tún lè fi í ránṣẹ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹfà, mo dìde, mo lọ bá a nílé. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí sítéṣọ̀n rélùwéè. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ọsàn. Kò yà á lẹ́nu láti rí mi. Mo kúnlẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ dídára tí mo ti tò jọ lọ́nà sì pòórá lẹ́nu mi.

"Baba, mo purọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yẹn sọ kò tán síbẹ̀."

Mo bú sẹ́kún. Ó jẹ́ kí n sunkún tó, ó ń bó ọsàn rẹ̀. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Mo mọ̀." Ó wá sọ ọ́. Ó ní kọmíṣọ́nnà sọ pé lójú gbogbo èèyàn lòun ti sọ pé ẹ̀rọ kò dára, pé òun kọ̀wé sí kọ̀ngílá lọ́jọ́ náà gan-an, pé àṣìṣe òun ni ti rìbọ́ọ̀nù, kí aráàlú dárí jì òun. Ó sọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ, kò fi iyọ̀ sí i, kò sì yọ nǹkan kan kúrò. Mo ya ẹnu, n kò lè pa á dé.

"Baba, ẹ gbọ́ Òyìnbó?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé èdè Ìbọ̀lọ̀ tiwa lo rò pé a fi ń bá àwọn sítéṣọ̀n yòókù sọ̀rọ̀ ni?"

Àṣé àsíá tí bàbá mi ń sọ yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ló ti nà án. Ìyókù ọdún tó lò níbẹ̀, ìdí tẹlifóònù ló wà. Ó ṣàlàyé fún mi pé ojú irin kan ṣoṣo ló wà láàárín sítéṣọ̀n kan sí èkejì. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra lọ́hùn-ún, wọ́n á pè, òun á kọ ohun tí wọ́n sọ sínú ìwé, á sì kà á padà fún ẹni tó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbé tẹlifóònù sílẹ̀. "Tó o bá gba apá kan tí apá kan sì kù lọ́hùn-ún," ó ní, "ọkọ̀ méjì á pàdé lójú irin kan." Kò sọ ọ́ bí ìbáwí. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ tó ṣe láyé rẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti ń wúkọ́ bíi lọ́yà níwájú ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá síwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú sì ń tì mí títí dé ẹsẹ̀.

Mo bi í pé kí ló dé tó wá ń bèèrè lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́. Ó wò mí bíi pé ìbéèrè ọmọ jẹ́léósinmi ni.

"Ṣé èmi ni mo ń bèèrè fún? Bàbá rẹ ni. Kó lè máa gbọ́ ohùn rẹ."

"Kí wá ló dé tí ẹ kò sọ òtítọ́ fún un lọ́jọ́ náà? Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè yín ní òpùrọ́."

Ó fi ọwọ́ nu omi ọsàn lára ọ̀bẹ. "Ká ní mo dúró, yóò tún bi mí. Bí mo bá ní ọmọ rẹ̀ purọ́, mo ti dójú tì í lójú gbogbo ayé, mo sì ti dójú ti ìwọ náà. Bí mo bá ní kò purọ́, èmi gan-an ti purọ́ nìyẹn. Mo bá gba ilé mi lọ."

Kò ní kí n lọ sọ fún bàbá mi. Ó fi ọsàn méjì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n gbé ọ̀kan fún Télọ̀, kí n má sọ ẹni tó fún mi.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà, kí ọ̀nà lè jìn. Bàbá mi nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, Alásárì kò tíì tó. Mo gbé ọsàn náà sórí tábìlì ìgéṣọ, mo tan ohùn inú fóònù, mo sì tú u fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo sọ ohun tí mo ṣe. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ kó borí ni, pé inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀, n kò sì fẹ́ bà á jẹ́. Ó gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé mi ò lè borí fúnra mi?"

Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Mo pe ọ̀rẹ́ mi ní òpùrọ́," ó sì tún un sọ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Omi lé sí i lójú. Ó mú fìlà, ó pa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé lọ́sàn-án gangan, ó ní kí n mú fóònù yẹn ká lọ. Kò dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ó ń rìn kíákíá níwájú, èmi ń sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Nígbà tí a dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò jókòó. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ, ojú èèyàn ni mo ti sọ ọ́. Ojú èèyàn náà ni mo fẹ́ gbà á padà. Dìde, Rélùwéè."

"Jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, Télọ̀. Ọmọdé ni."

"Ọmọdé wo? Ṣé ìwọ kọ́ lò ń pè é ní Tíṣà ni?"

Baba Rélùwéè kò fẹ́ dìde. Mo mọ̀ pé nítorí tèmi ni. Mo bá ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ, Baba." Ó wò mí dáadáa, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun, bẹ́ǹṣì kún bí ti tẹ́lẹ̀. Mo dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, mo gbé fóònù sókè, mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ kọmíṣọ́nnà, mo sì tú gbogbo rẹ̀. Mo sọ pé mo gbọ́ ìyókù lọ́jọ́ kìíní, pé Baba Rélùwéè bi mí, mo sì ní ó tán. Alhaji onísìmẹ́ńtì ń wo ilẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti wúkọ́ lásán, èmi ni mo rò pé wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá mi dìde, ó ṣí fìlà. "Ọ̀rẹ́ mi kò purọ́," ó ní. "Èmi ni mo sọ ohun tí n kò mọ̀. Kó foríjì mí." Kò dárúkọ mi mọ́ ọn. Baba Rélùwéè fà á lọ́wọ́ pé kó jókòó, pé kí ló ń dúró fún.

Bàbá mi jókòó, ó dé fìlà rẹ̀ padà. Òun náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ṣùgbọ́n dúró ná. Ẹni tó mọ̀ pé omi kò ní yọ, kí ló wá ń gé rìbọ́ọ̀nù fún?"

"Ó ní àṣìṣe òun ni! Ṣé o kò gbọ́ ni?"

"Àṣìṣe kọ́! Ìbò ló ń wá!"

"Ìbò wo? Ìbò ṣì jìnnà!"

Bí wọ́n ṣe tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ kọmíṣọ́nnà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò: ta ló gbọ́ nígbà tó ń sọ fún aráàlú, ibo ni lẹ́tà tó kọ wà, kí ló dé tí kò dá rìbọ́ọ̀nù dúró. Wọ́n pariwo títí ìyá mi fi sáré yọjú. Nígbà tó rí ẹni tó jókòó, ó padà wọlé láìsọ̀rọ̀, mo sì gbọ́ tó ń kọrin nínú ilé ìdáná. Mo jókòó ti aṣọ mi, mo ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Mo wá rí i pé bàbá mi kò nílò irọ́ mi rárá. Odindi ọ̀rọ̀ náà fún un ní ohun tí yóò bá jà ju ìdajì tí mo fún un lọ.

Lọ́jọ́ Iléyá, Baba Rélùwéè gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, bàbá mi sì jáde pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó ń pàṣẹ. Ní ti kọmíṣọ́nnà, kó tó di ìbò mìíràn ló ti kó ẹrù rẹ̀, ó sì darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ bàbá mi. Ẹ ò bá wà níbẹ̀. Bàbá mi ló wá ń sọ pé ọkùnrin náà tọrọ àforíjì, pé ta ni kì í ṣàṣìṣe, Baba Rélùwéè ló sì wá ń bèèrè ọ̀rọ̀ rìbọ́ọ̀nù. Wọ́n fi odindi ọ̀sẹ̀ méjì gba ọ̀rọ̀ ara wọn jà, kò sì jọ pé èyí ń ti ẹnikẹ́ni lójú. Kànga náà ti yọ omi nígbà tó yá.

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Bàbá mi ló kọ́kọ́ lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti di tíṣà ní tòótọ́, Òyìnbó ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ padà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n rò pé ìyọnu ni. Bí àwọn aṣòfin bá tún pe ẹnì kan wá rojọ́, fóònù mi á kún fún ohùn tí wọ́n gé kúrú, ẹgbẹ́ yìí fi èyí tó wù ú ránṣẹ́, ẹgbẹ́ yẹn fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Mo máa ń wá odindi rẹ̀ kí n tó bínú. Nígbà míì, mo ṣì máa ń bínú náà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́fà yẹn ni mo máa ń rò jù. Baba Rélùwéè ń lọ kírun, ó ń lọ sọ́jà, ó ń gba ojú títì kọjá láàárín ìlú tí wọ́n bí i sí, àwọn tó lè bí lọ́mọ sì ń pè é ní òpùrọ́. Ó ń gbé ọwọ́ sí wọn. Ó mọ ẹni tó ni orúkọ náà. Ó kàn ń bá mi jẹ́ ẹ ni, títí èmi fi wá gbà á.